Ìbéèrè Yín Lórí Ẹ̀rọ Abánáṣiṣẹ́: Mítà Náà Wà Lára Sáńkíìtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dáyóòdù 1N4007 (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì gba ọ̀nà kan ṣoṣo) la ń wọ̀n ní yàrá àyẹ̀wò wa. Bí kọ́rẹ́ǹtì ṣe ń gòkè ni fóltéèjì náà ń gòkè, títí mo fi dé 1.9 mA, tí mo ka 0.79 V. Mo yí mítà kọ́rẹ́ǹtì kúrò ní 2 mA sí 20 mA, mo fi díẹ̀ kún un, ó di 2.1 mA, ni fóltéèjì bá já wálẹ̀ sí 0.63 V. Ṣé dáyóòdù ọ̀hún ti bàjẹ́ ni? (Akẹ́kọ̀ọ́ ND, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ rárá. Ibi tí ẹ fi wáyà mítà fóltéèjì kàn ló fà á.

Rẹ̀sísítọ̀ kékeré kan wà nínú mítà tó ń wọn kọ́rẹ́ǹtì, kò sì sí bí kọ́rẹ́ǹtì yóò ṣe kọjá tí kò ní gba inú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú, 100 Ω ni ní 2 mA, 10 Ω ni ní 20 mA, 1 Ω ni ní 200 mA. 1.9 mA tó bá gba 100 Ω kọjá yóò jẹ 0.19 V. Mítà fóltéèjì yín gùn lé dáyóòdù àti mítà kọ́rẹ́ǹtì pa pọ̀, nítorí náà 0.60 V ti dáyóòdù àti 0.19 V ti mítà lẹ jọ kà. Nígbà tí ẹ yí i sí 20 mA, ohun tí mítà ń jẹ kò ju 0.02 V lọ mọ́.

Ẹ fi wáyà pupa kan ẹsẹ̀ ánóòdù gan-an, kí dúdú kan ẹsẹ̀ káátóòdù, èyí tí ìlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé mítà fóltéèjì náà yóò máa fa kọ́rẹ́ǹtì tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí rẹ̀sísítọ̀ inú rẹ̀ bá jẹ́ 10 MΩ, 0.06 µA péré ni ní 0.6 V. Ìyẹn kò lè ba ohunkóhun jẹ́ níbí.

Ọ̀nà tí àwa fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ yọ mítà kọ́rẹ́ǹtì kúrò pátápátá. Ẹ to bátìrì 9 V, rẹ̀sísítọ̀ kan àti dáyóòdù tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ wọn fóltéèjì orí rẹ̀sísítọ̀, ẹ fi iye Ω rẹ̀ pín in, kọ́rẹ́ǹtì yín nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ wọn ti orí dáyóòdù. Ẹ lo 100 kΩ, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí 10 kΩ, lẹ́yìn náà 1 kΩ: ẹ ó rí nǹkan bíi 0.085 mA, 0.84 mA àti 8.3 mA. Kí ẹ tó kì í bọ sáńkíìtì, ẹ wọn rẹ̀sísítọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, torí pé èyí tó ní ìlà góòlù lè fi 5% yà kúrò níye tí wọ́n kọ sí i. Ẹ má lo 100 Ω oníìdá mẹ́rin wáàtì: 0.69 W ni yóò bọ́ sórí rẹ̀, yóò sì jóná.

Bí ẹ bá ya èyí sórí pépà semilog (èyí tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, ìyẹn log, ń fi ìlọ́po mẹ́wàá gòkè), kọ́rẹ́ǹtì lápá log, ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún ni yóò jáde. Ìgbàkígbà tí kọ́rẹ́ǹtì bá di ìlọ́po mẹ́wàá, fóltéèjì yóò fi 60 sí 120 mV lé sí i. Ẹ tètè kà á, ẹ má sì fọwọ́ di dáyóòdù mú: bó bá ṣe ń gbóná, fóltéèjì rẹ̀ ń fi nǹkan bíi 2 mV rẹlẹ̀ lórí ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Mo dojú dáyóòdù 1N4148 kọ ẹ̀yìn sí bátìrì 9 V, mo so mítà fóltéèjì mọ́ ọn, mítà kọ́rẹ́ǹtì sì ka 0.9 µA. Olùkọ́ wa ní ó ti pọ̀ jù. (Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Òótọ́ lolùkọ́ yín sọ. Èyí tí 1N4148 lè jò ní 20 V kò gbọdọ̀ ju 25 nA (0.025 µA) lọ ní 25 °C. Ẹ pín 9 V sí 10 MΩ: 0.9 µA géérégé. Mítà fóltéèjì tí ẹ so mọ́ dáyóòdù náà lẹ wọ̀n. 10 MΩ tí kò dí wa lọ́wọ́ nínú ìbéèrè àkọ́kọ́ ló wá bo dáyóòdù mọ́lẹ̀ pátápátá níbí.

Ẹ yọ mítà méjèèjì. Ẹ to bátìrì, dáyóòdù tó kọ ẹ̀yìn, àti mítà fóltéèjì tẹ̀ lé ara wọn, kí mítà wà ní 200 mV. 10 MΩ inú rẹ̀ ló di rẹ̀sísítọ̀ yín báyìí: bó bá ka 50 mV, 5 nA ló ń jò. Àwọn mítà kan wà tó jẹ́ 1 MΩ, nítorí náà ẹ wo ìwé rẹ̀. Gíláàsì ni ara 1N4148, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń mú kọ́rẹ́ǹtì jáde nínú rẹ̀, torí náà ẹ fi aṣọ dúdú bò ó kí ẹ tó kà á.

Ìbéèrè: Zener 1N4733A (dáyóòdù tó ń di fóltéèjì mú sójú kan bó bá kọ ẹ̀yìn) tí mo rà, 5.1 V ni wọ́n pè é, àmọ́ kò dé bẹ́ẹ̀ lórí 9 V àti 1 kΩ. Ṣé ayédèrú ni? (Ṣàgámù)

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ayédèrú. Ní 49 mA ni wọ́n ti wọn 5.1 V yẹn, ohun tí 1 kΩ yín sì ń fún un kò ju nǹkan bíi 4 mA lọ. Ẹ lo 82 Ω oníìdajì wáàtì, kí ẹ sì gba 9 V láti ara páwà súpùláì, torí pé bátìrì kékeré yóò rẹ̀ lábẹ́ ẹrù yẹn. Bó bá ṣì wà nísàlẹ̀ 4.8 V tàbí tó kọjá 5.4 V, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín.