Ṣé ọjọ́ orí ló ń lé olùkọ́ fásitì sá fún ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olórí ẹ̀ka ni mí ní fásitì kan nílùú Oǹdó. Wọ́n ní ká gbé àwọn kọ́ọ̀sì wa sórí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ á máa dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀, tí ẹ̀rọ á sì fèsì fún un lójú ẹsẹ̀. Àwọn olùkọ́ wa tó ti dàgbà ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ẹnì kan ní kí n sanwó, òun á fi ọjọ́ mẹ́ta yí wọn lọ́kàn padà. Ṣé kí n pè é?

Ìdáhùn: Ẹ má pè é. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi í jẹun.

Àgbà kọ́ ni ìṣòro yín. Àwọn bàbá àti màmá tí ẹ ní kọ̀ǹpútà ń bà lẹ́rù yìí, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, orí fóònù ni wọ́n ti ń wo owó oṣù wọn. N ò ní ọjọ́ orí ò kan ọ̀rọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n láti 1989 ni Fred Davis, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé pé ohun méjì lèèyàn máa ń wò kó tó gba ẹ̀rọ tuntun: ṣé á wúlò fún iṣẹ́ mi? Ṣé kò ní ni mí lára láti lò? Èwo nínú méjèèjì lẹ ti fi han àwọn olùkọ́ yín?

Màmá kan ń kọ́ni ní físíìsì níbí ní Àkúrẹ́. Ó ku ọdún méjì kí wọ́n pé àádọ́rin, kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó, wọ́n tẹ ogójì ìbéèrè. Iná lọ, gbogbo rẹ̀ pòórá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n padà sídìí pátákó. Ni iléèwé bá ní màmá ò fẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Mo lọ jókòó tì wọ́n. Ìbéèrè márùn-ún péré la ṣe. Lábẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tí kò tọ̀nà, wọ́n kọ ìdí tí kò fi tọ̀nà síbẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó lé ní ìdajì kíláàsì tó gbà pé bí òkúta tí a jù sókè bá ti dé téńté, kò sí agbára kankan tó ń fà á mọ́, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Màmá bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wò. Wọ́n ní, "Gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ́ wọn, n ò mọ̀ pé ibí ni wọ́n ti ń ṣubú." Àwọn fúnra wọn ló ń pè mí báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, kíkó PDF sórí ìkànnì kì í ṣe ohun tí à ń sọ o. Ìwé lásán ni. Kò bi akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan kan.

Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. NUC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn fásitì, ló ń pèsè 70 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ẹ̀kọ́ yín, ó fi 30 sílẹ̀ fún fásitì. Inú 30 yẹn ni kẹ́ ẹ ti mú un, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ dín kíláàsì olùkọ́ tó bá gbà á kù. Tó bá jẹ́ Moodle, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń kọ́ni, lẹ ń lò, áàpù rẹ̀ lè jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ìbéèrè sórí fóònù, kó ṣe é láìsí dátà, bí olùkọ́ bá ti yọ̀ǹda rẹ̀. Kí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà yín kọ́kọ́ yẹ tiyín wò. Ẹ má sì ka máàkì rẹ̀ mọ́ ìdánwò kí Sẹ́nétì fásitì yín tó fọwọ́ sí i. Ẹ má ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe é.

Owó ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ fi ra bátìrì inverter sí ọ́fíìsì àwọn olùkọ́.