Má fa ẹ̀wà tí kò gbèrú yẹn tu

Àbúrò mi, o ní ẹ̀wà tí ẹ fi ìtànṣán gamma, ìtànṣán alágbára tó lè yí àbùdá padà, lù ní 200 gray (gray ni ìwọ̀n ìtànṣán tó wọ inú rẹ̀) kí ẹ lè rí irú tuntun ti hù, ṣùgbọ́n kò gbèrú, ewé rẹ̀ hunjọ, èyí tí ìtànṣán kò kàn sì ti ga jù ú lọ. O fẹ́ fà á tu kí o gbin òmíràn. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é.

Ohun tí èmi ṣe nìyẹn ní Ìkọ̀lé-Èkìtì nígbà iṣẹ́ àṣekágbá mi. Mo fa gbogbo èyí tó kúrú tu, mo dá àwọn tó ga sí, mo sì da èso wọn pọ̀ sínú àpò kan ṣoṣo. Nígbà tí mo tún un gbìn, n kò mọ èyí tó jẹ́ ọmọ ta. Odidi ọdún kan ló ṣòfò bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń dùn mí.

Ọgbẹ́ ni kíkúrú yẹn. Ìtànṣán máa ń fọ́ omi inú sẹ́ẹ̀lì, ohun tó bá tibẹ̀ jáde á sì ba DNA, ohun tó gbé àbùdá rẹ̀, jẹ́. Ẹ̀wà á dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró ná: àwọn jíìnì (apá DNA tó ń darí iṣẹ́ ara) tó ń tún DNA ṣe á jí, iṣẹ́ àwọn tó ń mú un dàgbà á rọlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbẹ́ yìí kì í ran ọmọ.

Àyípadà tí ò ń wá gan-an ṣì fara pamọ́. Méjì méjì ni jíìnì máa ń wà. Bí ọ̀kan bá yí padà, èkejì sábà máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Inú ìran kejì, ìyẹn àwọn ọmọ ẹ̀wà wọ̀nyí, ló ti ń yọjú. Níbẹ̀ ni wàá ti rí ẹ̀wà mìíràn tó funfun báláú, tí yóò kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ torí kò ní àwọ̀ ewé tó fi ń se oúnjẹ. Kọ iye wọn sílẹ̀, ẹ̀rí ni pé ìtànṣán ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, so nọ́ńbà mọ́ gbogbo èyí tó yè. Ká páádi (èèpo tó gbé èso) ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, torí ẹ̀ka méjì lára igi kan lè ti ara sẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá. Gbìn wọ́n ní ìlà tiwọn. Sọ fún àwọn tó ń bá ọ roko pé ìtànṣán gamma kì í kù sínú èso, kí wọ́n má bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án.

Èyí tó kúrú máa ń pẹ́ kó tó tanná. Má dáwọ́ oògùn kòkòrò dúró nígbà tí àwọn tó ga bá ti so tán.