Kó o tó du ipò aṣòfin l'Ọsirélíà, yẹ ìwé ọmọ ìlú rẹ wò

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ gba ọ̀nà Scott Ludlam: kó o máa jà fún ilẹ̀ àti omi, kó o sì máa jà kí ìjọba má ṣe máa ṣọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti inú ilé aṣòfin àgbà Ọsirélíà. O wá bèèrè bóyá ọmọ Nàìjíríà tó ti gbàwé ìlú níbí lè ṣe é. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ni kó o kọ́kọ́ yanjú.

Akin lọkùnrin yẹn. Ó ti ń bá àwọn tó ta ko ìwakùsà uranium ṣe kó tó dé ilé aṣòfin àgbà lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Greens ní 2008. Nígbà tí wọ́n ń ṣòfin ní 2015 pé kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tá a pè, ìgbà tá a pè é àti ibi tá a wà fún ọdún méjì gbáko, ó ta kò ó gidigidi. Òfin náà kọjá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbò kọ́ ló lé e kúrò. New Zealand ni wọ́n bí i sí, kékeré ló wà táwọn òbí rẹ̀ kó kúrò níbẹ̀, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi di ọmọ Ọsirélíà. Ó gbà pé ti New Zealand ti parí nìyẹn. Ní oṣù Keje 2017, agbẹjọ́rò kan tọ pinpin rẹ̀, ó rí i pé kò parí. Abala 44 ìwé òfin Ọsirélíà kò gba ọmọ ìlú méjì láyè nílé aṣòfin àpapọ̀. Ludlam fipò sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án.

Èmi náà fẹ́ díje. Mo kọ̀wé pé mo ti yọwọ́ nínú jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ó dùn mí dé egungun. Ilẹ̀ bàbá mi ni mo ń fọwọ́ sí pé mi ò bá tan mọ́. Mo fìwé ránṣẹ́ sí ìjọba Nàìjíríà, mo tẹ̀ wọ́n láago títí, ẹnikẹ́ni ò fèsì títí àkókò ìforúkọsílẹ̀ fi kọjá. Abala 29 ìwé òfin Nàìjíríà sì sọ pé ìgbà tí wọ́n bá forúkọ ìkéde náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba nìkan ló tó múlẹ̀. Àwọn kan ní kí n ṣáà díje, pé mo ti ṣe ipá tèmi. Mi ò gbà. Katy Gallagher, aṣòfin àgbà tó tún jẹ́ ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, náà ti fìwé ìyọwọ́ ránṣẹ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó tó díje, ṣùgbọ́n ó ti forúkọ sílẹ̀ tán kí wọ́n tó fọwọ́ sí tirẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Ọsirélíà ní kò tọ́ sí i láti jókòó nílé aṣòfin àgbà.

Nítorí náà, bẹ̀rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìdìbò, kó o sì tọ́jú ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà. Láàárín àkókò yẹn, àwọn ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà máa ń gba àkọsílẹ̀ èrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọmọ ìlú tàbí àlejò. Mo ti kọ tèmi sí wọn lórí omi abẹ́ ilẹ̀. Kọ tìẹ náà. Jẹ́ kó ṣe ṣókí, ohun tó o fojú ara rẹ rí ni kó o kọ, kó o sì sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀.