Ṣé ẹ ń lẹ táyà ni?

Ẹ̀yin sọ̀fíyọ̀ tẹ́ ẹ ní ẹ pín ìwé ìléwọ́ 500 ní Mọ́kọ́lá, tí fóònù yín kò dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ka ìwé ìléwọ́ yín. "Geospatial Solutions" tó wà lókè rẹ̀ ló mú mi rántí ara mi.

Oníṣirò owó ni mí, Dùgbẹ̀ ni ọ́fíìsì mi wà. Ìwé tí èmi náà kọ́kọ́ tẹ̀, "Business Solutions" ló wà lórí ẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà. Mo gbé e lọ sí Gbági Tuntun, mo de táì, mo na ọ̀kan sí ìyá kan tó ń ta léèsì. Ó ní kí ọmọ òun bá òun kà á. Bọ́mọ ṣe pe "solutions" ni màmá wò mí tẹsẹ̀ torí: "Sólúṣọ̀n ká? Bùọ̀dá, ṣé ẹ ń lẹ táyà ni?" Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti dúró lọ́dọ̀ fọganáísà rí mọ sólúṣọ̀n tí màmá ń wí.

Mo fẹ́ máa lọ, màmá ní kí n jókòó. Wọ́n ní báǹkì ní kí wọ́n mú ìṣirò ọdún mẹ́ta tí ọ̀díítà ti yẹ̀ wò wá kí wọ́n tó lè yá wọn lówó, àwọn ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á. Iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn! Ó wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn, mo kàn pè é ní "assurance" ni. Ọmọ wọn rò pé íńṣọ́ránsì ni mo ń tà.

Láti ọjọ́ náà mo ní ìwé kékeré kan lórí tábìlì. Gbólóhùn tí oníbàárà bá fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni mo ń kọ sínú ẹ̀, bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀ gẹ́lẹ́. "Àwọn olówó-orí já pépà fún mi, mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ." "Wọ́n ní CAC kọ inactive síwájú orúkọ kọ́ńpìnnì mi." Èyí pọ̀ jù. CAC ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀; àwọn èèyàn a fi orúkọ sílẹ̀ tán, wọn a gbàgbé pé ọdọọdún ni annual returns, ìyẹn ìwé ìròyìn kọ́ńpìnnì, gbọ́dọ̀ wọlé. Gbólóhùn yẹn ni mo wá tẹ̀ sórí ìwé ìléwọ́ kejì, pẹ̀lú èsì ìlà méjì. Òun ló pèèyàn.

Ẹ wo tiyín. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Mọ́níyà tàbí Àkóbọ̀, ohun tí kì í jẹ́ kó sùn ni, "Ṣé kò bọ́ sí ilẹ̀ ìjọba?" Ẹ̀yin lẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọn igun ilẹ̀, tí wọ́n ń gbé ìwọ̀n rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Sọ̀fíyọ̀ Àgbà ní Sẹkitéríàtì kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló dé tí kò sí níbì kankan nínú ìwé yín?

Kàlẹ́ńdà ìparí ọdún tẹ́ ẹ ń gbèrò, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí mo tẹ̀ kẹ́yìn, ara ògiri búkà kan ní Bódìjà ni mo ti bá a, ọbẹ̀ ti ta bo orúkọ mi. Dátà ni mo ń fi owó ẹ̀ rà báyìí. Tó bá di ọjọ́ 15 oṣù, mo ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pẹ̀lú Yorùbá, pé ìwé VAT (owó-orí ọjà) oṣù tó kọjá kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 21. Ìṣẹ́jú kan péré. Àwọn ọlọ́jà a máa fi ránṣẹ́ síra wọn, ẹni tí mi ò mọ̀ rí á sì pè mí.

Ẹ kọ iye owó yín síta náà, àwọn èèyàn ń bẹ̀rù "ẹ wá ká jọ jíròrò". Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi o. Mo kọ ọ́ pé 40,000 náírà ni ìṣirò ọdún kan. Ni bàbá onírin kan bá gbé Ghana-must-go kan wá tó kún fún rìsíìtì. Eku ti jẹ òmíràn, omi ti pa òmíràn rẹ́. Ọjọ́ 19 ni mo fi jókòó tì í, mi ò sì lè yí ohùn padà. "Láti 40,000 lọ sókè" ni mo ń kọ báyìí, mo sì ń wo inú báàgì kí n tó dárúkọ owó.