Ṣé òótọ́ nilẹ̀ ń lanu fún ekòló?

Ẹni tó bèèrè ìtumọ̀ "bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu", tó tún ní ṣé ilẹ̀ ń lanu lóòótọ́ àbí ẹnu lásán ni, ìtumọ̀ ẹ̀ ò le. Ìgbà téèyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tàbí kọrin níwájú àwọn tó jù ú lọ ni wọ́n máa ń sọ ọ́, á kọ́kọ́ júbà wọn kọ́nà ẹ̀ lè là.

Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ wo ekòló dáadáa jàre. Ekòló ò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, kò léyín. Orí ló máa kọ́kọ́ kì bọlẹ̀, á nà án tín-ín-rín wọ àárín erùpẹ̀, àwọn irun líle wẹ́wẹ́ ara ẹ̀ á di ilẹ̀ mú kó má baà yọ̀ pa dà sẹ́yìn, á wá súnra kì, ara á wú, erùpẹ̀ á sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìforíbalẹ̀ gan-an nìyẹn! Níbi tó bá le jù, á kúkú jẹ ẹ́ kọjá ni.

Ihò yẹn lomi òjò ń gbà wọlé dípò kó ṣàn lọ, atẹ́gùn ń gbabẹ̀, gbòǹgbò náà ń gbabẹ̀. Ewé jíjẹrà tó bá sì gbé mì, iwe ló fi ń lọ̀ ọ́ pẹ̀lú yanrìn tó ti gbé mì (ekòló níwe bíi ti adìẹ o), ìgbẹ́ tó bá yà á wá lóúnjẹ ewéko nínú ju ilẹ̀ àyíká ẹ̀ lọ. Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ lọ́dún 1881 pé ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, erùpẹ̀ gbígbẹ tó ń gba inú ekòló bọ́ sókè lórí éékà kan lọ́dún kan ju tọ́ọ̀nù 10 lọ. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n rí i pé níbi tékòló bá wà, irè oko máa ń fi nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 lé sí i, torí náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ ewéko kan, tí ekòló ń tú sílẹ̀ látinú ewé àti pàǹtí. Ibi tí wọ́n bá ti da ajílẹ̀ náítírójìn sí yẹ́ùkẹ́, àǹfààní yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́.

Òun nìkan kọ́ o. Ọ̀kùn ń gé ewé sí wẹ́wẹ́, ikán tá à ń bú yìí sì ń jẹ igi tí kì í dà nínú ọ̀pọ̀ ẹranko, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ikùn ẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Ohun tó bá ti di wẹ́wẹ́ báyẹn ni báktéríà àti olú ń ráyè jẹ kíákíá. Katakata tí wọ́n ń fi túlẹ̀ lemọ́lemọ́ ló máa ń da gbogbo ẹ̀ rú, ihò á wó, ekòló ibẹ̀ á sì máa dín kù.