Àpòòwé tó nípọn ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ

Ẹnìkan béèrè pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó lówó láti ra èèyàn ní ọgọ́rin mílíọ̀nù á tún wá torí owó ọ̀sẹ̀ jẹ́ kí ẹni náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé ẹni tó rówó ra mọ́tò ni kò ní rówó ra epo?" Mo rẹ́rìn-ín, torí èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, ó sì nà mí lówó.

Akápò ni mo jẹ́ fún ọdún mẹ́ta ní ẹgbẹ́ kékeré kan lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní líìgì ìsàlẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ọ̀gá tó ń náwó sí i ń ta ohun èlò ìkọ́lé. Bí ọjà bá yá, owó á wọlé kí oṣù tó parí. Bí kò bá yá, ẹ má bi mí. Ọmọkùnrin méjìlélógún la ní, ₦45,000 là ń san fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù, kápẹ́ẹ̀nì ń gba ₦50,000. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ iye tí ẹnì kejì ń gbà, kò sì sẹ́ni tó ń yọjú wo àwo ẹnìkan.

Lọ́dún kejì, a rí atamátàsé kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì tó ga ju tiwa lọ. ₦120,000 ló ní òun máa gbà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa fẹ́ ẹ bí ojú. Ọ̀gá ní kí n ṣírò ẹ̀ wò, mo sì ṣírò ẹ̀ bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ₦120,000 lóṣù, agbára wa ká a. Ó tọwọ́ bọ̀wé.

Owó lọ́wọ́ là ń san nígbà náà, nínú àpòòwé, ₦500 ₦500. Bébà 90 ló wà nínú ti àwọn yòókù. Nínú ti ẹni tuntun, bébà 240 ni, àpòòwé náà kò fẹ́ pa dé, rọ́bà ni mo fi dì í. Kápẹ́ẹ̀nì wa, ọmọ jẹ́jẹ́ kan, ló dúró tì mí níbi tí mo ti ń pín in. Ó gbé ti ọmọ náà lọ́wọ́ bí ẹni ń wọn ẹran lọ́jà, ó gbé tirẹ̀, ó dá ti ọmọ náà padà sórí tábìlì. Kò sọ nǹkan kan. Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbá góòlù mẹ́ta sí wa nílé, aṣọ́lé wa kò fò sí ọ̀kankan nínú ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi ní méjì méjì. Aṣọ́lé ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọwọ́ tèmi kéré sí ẹsẹ̀ ẹ̀ ni?" Ọ̀gá ní kí n sọ fún wọn pé ìka ò dọ́gba. Kápẹ́ẹ̀nì ní òótọ́ ni, pé ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ la fi ń di ẹ̀ṣẹ́. Kí líìgì tó dé ìdajì, a ti fi ₦20,000 kún owó àwọn mẹ́wàá tó ń bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lú rẹ̀. Atamátàsé ₦120,000 ti di ti ₦320,000 lóṣù nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó gbá góòlù kẹta.

Ohun tí mi ò ṣírò nìyẹn. Owó tí ẹ fi ra èèyàn, ẹ lè pín in san, àmọ́ ó lópin. Owó oṣù kì í dá wá, tẹbí tará ló máa ń wá.

Ẹ wo Arsenal, ẹgbẹ́ tí mo ti ń bá sunkún láti ayé Kanu. Ní Oṣù Kìíní 2018, Alexis Sánchez kọjá sí Manchester United. Àdéhùn Mesut Özil, agbábọ́ọ̀lù wọn mìíràn, náà ti fẹ́ tán, ẹ̀rù ń bà wọ́n kí òun náà má lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ni wọ́n bá fún un ní ìwé tuntun tí ìròyìn gbé pé ó tó £350,000 lọ́sẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìyẹn ni ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú wọn máa fi wọn tirẹ̀. Aaron Ramsey lọ sí Juventus lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2019. Aubameyang, atamátàsé wọn, gba ìwé olówó ńlá tirẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 2020. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ orúkọ Özil kúrò nínú àwọn tó lè gbá Premier League, síbẹ̀ owó ọ̀sẹ̀ ẹ̀ ń sáré. Nígbà tó lọ sí Fenerbahçe ní 2021, tí Aubameyang sì lọ sí Barcelona ní 2022, kò sówó gidi kan tó wọlé lórí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti wó àkàbà owó ọ̀sẹ̀ yẹn palẹ̀ ni wọ́n tó rí àyè kọ́ tuntun lórí àwọn ọmọdé bíi Saka àti Ødegaard.

Ibi títà yìí ló dun èmi jù. Orúnkún atamátàsé tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu lẹ́yìn Kérésì. Ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn ní àwọn á gbà á, ₦60,000 làwọn sì máa san. Ọmọ náà bi mí pé, "Bọ̀dá, ẹ̀yin ẹ bá lọ?" Mi ò rí èsì fún un. Àwa la san ₦60,000 tó kù títí líìgì fi parí, kó lè lọ gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹlòmíràn. Ojú tì mí títí di ìgbà tí mo mọ̀ pé Leeds náà ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n ta Robbie Fowler fún Manchester City ní 2003, wọ́n sì ń san lára owó ọ̀sẹ̀ ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tó dé semi-final Champions League ní 2001 nìyẹn o. 2004 ni wọ́n já kúrò ní Premier League.

Ti Barcelona yàtọ̀ díẹ̀, torí líìgì Spain fúnra rẹ̀ ló ń gé iye tí wọ́n lè ná. Ní 2021, Laporta, ààrẹ wọn, sọ ọ́ sétí gbogbo ayé pé bí Messi bá dúró, owó àwọn agbábọ́ọ̀lù á jẹ́ 110% gbogbo owó tó ń wọlé. Messi wà ńlẹ̀, wọn ò lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún líìgì.

Kí n má gbàgbé Osimhen wa. Ní ìparí Oṣù Kẹjọ 2024, ojú gbogbo wa wà lára Chelsea, tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ Napoli. Chelsea ti ń fún àwọn èèyàn tuntun ní owó ọ̀sẹ̀ tó mọ níwọ̀n, wọ́n á wá fi bónọ́ọ̀sì kún un. Owó tí Osimhen ń gbà ní Napoli ga ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá fún un, ẹ rò ó wò, ta ni kò ní kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Mọ́ńdè? Ọ̀rọ̀ náà fọ́, Napoli yá a fún Galatasaray, àwọn yẹn sì rà á pátápátá ní 2025 ní €75 mílíọ̀nù. Àwọn tó bú Chelsea lálẹ́ ọjọ́ yẹn pọ̀. Èmi ò bú wọn.

Ẹni tó béèrè tún ní ṣé wọn ò lè fi owó ẹni tuntun pamọ́ ni. Àwa gbìyànjú ẹ̀. Ọdún kẹta, mo kó gbogbo wọn lọ sí báǹkì, mo ní ó tán, kò sí àpòòwé tẹ́nikẹ́ni máa gbé wọ̀n mọ́. Mo dé pápá lọ́jọ́ kejì tí owó wọlé, mo bá mẹ́fà nínú wọn lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi orí korí, olúkúlùkù ń na fóònù ẹ̀ síta, wọ́n ń ka alẹ́ẹ̀tì fún ara wọn.