Ọkàn mi kì í dúró sójú kan, ṣé mẹditéṣọ̀n lè ràn mí lọ́wọ́?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Gáà-Akanbí, Ìlọrin níbí, mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ọmọ méjì ni mo bí. Mo lè máa gé léèsì lọ́wọ́, kí n rántí pé mi ò tíì pe kọ́sítọ́mà kan, mo gbé fóònù, kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí WhatsApp, ọbẹ̀ ti ń jó nínú ilé, àlùmọ́gàjí tí mo wá ń wá kiri, abẹ́ léèsì yẹn náà ló wà. Tó bá wá ku ọ̀la ká ṣọdún Iléyá, mo lè ránṣọ mọ́jú láì sùn, kí gbogbo ẹ̀ sì parí. Aṣọ wòlímọ́tù ẹnì kan ni mi ò rán tán títí wọ́n fi ṣe wòlímọ́tù parí, mo sunkún gan-an. Ọkọ mi ló mú mi lọ rí dókítà, wọ́n bi mí ní ìbéèrè títí, wọ́n bi màmá mi náà nípa ìgbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n wá ní ADHD ni, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọkàn èèyàn dúró sójú kan. Wọ́n fún mi lóògùn, ó ń ṣe díẹ̀, wọ́n tún ní kí n máa ṣe mẹditéṣọ̀n. Mo jókòó, mo dijú, mo ní mi ò ní ro nǹkan kan, ńṣe ló dà bíi pé ọjà Ìpàtà ṣí sínú orí mi. Màmá mi ní ọ̀lẹ ló ń dà mí láàmú. Áfà wa ní ẹ̀sìn àwọn ẹlòmíì ni mẹditéṣọ̀n. Kódà lórí ìrun, mo máa ń gbàgbé ráká tí mo wà. Ṣé kí n pa á tì ni, àbí kí n fi oògùn sílẹ̀ kí n gbájú mọ́ ọn?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo kí ẹ, mo sì kí ọkọ ẹ, torí ọ̀pọ̀ ọkọ ni ì bá kàn máa pariwo lórí ọbẹ̀ tó jóná.

Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yẹn ká mi lára. Mo mọ ohun tí màmá rí tí wọ́n fi sọ ọ́: wọ́n rí iṣẹ́ alẹ́ ọdún Iléyá, wọ́n ní ṣebí ó lè ṣe é tó bá wù ú. Bẹ́ẹ̀ bí ADHD ṣe máa ń ṣe nìyẹn gan-an. Apá ọpọlọ tó ń sọ pé èyí ni ká kọ́kọ́ ṣe, tọ̀hún á dúró ná, àwọn kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní dopamine àti noradrenaline ló ń bá a ṣiṣẹ́, lára ẹni tó ní ADHD, iṣẹ́ wọn kì í lọ bó ṣe yẹ. Tí àkókò bá ti há, tàbí tí nǹkan bá dùn mọ́ èèyàn, ọkàn á dúró, á tiẹ̀ dúró ju bó ṣe yẹ lọ nígbà míì. Àmọ́ bùbá kan tí kò sí kánjúkánjú nínú ẹ̀, tó kàn yẹ ní rírán lásán, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọ̀lẹ kì í sunkún torí aṣọ oníaṣọ. ADHD sì máa ń rìn nínú ẹbí, torí náà tó o bá rí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ tó jọ ẹ́, má fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú ẹ bú òun náà.

Ó wá ku mẹditéṣọ̀n. Ta ló ní kó o má ro nǹkan kan? Kò sẹ́ni tó lè ṣe ìyẹn, àti ẹni tó ní ADHD àti ẹni tí kò ní. O máa jókòó, o máa fọkàn sí èémí tó ń gba imú ẹ wọlé tó ń jáde, ọkàn á sì sá lọ, dandan ni kó sá lọ, á lọ sórí owó iléèwé, á lọ sọ́dọ̀ kọ́sítọ́mà tó bínú lánàá, ìgbà tó o bá wá rí i pé háà, mo ti lọ o, o ò ní bú ara ẹ, o kàn máa rọra padà sídìí èémí. Á tún lọ, o tún padà. Bó o ṣe ń rí i pé ọkàn ti lọ yẹn ni ẹ̀kọ́ tá à ń kọ́ níbẹ̀. Wo tábìlì tó o ti ń gé aṣọ: kó o tó dé orí WhatsApp ni nǹkan ti bà jẹ́, ìgbà tí ọwọ́ ẹ gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ tó nà sí fóònù, tí ìwọ fúnra ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé o nawọ́. Tó o bá lè máa mọ̀ ọ́n níbẹ̀ yẹn, kódà kó má jẹ́ gbogbo ìgbà, léèsì á parí. Ọjọ́ tí ọjà Ìpàtà ṣí sínú orí ẹ yẹn, o ti ń ṣe mẹditéṣọ̀n lọ́wọ́, o kàn tètè dìde ni.

Wọ́n sì ti dán an wò. Lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì UCLA, ní Amẹ́ríkà, gbé èsì tiwọn jáde, àgbàlagbà 24 àti ọ̀dọ́ 8 tó ní ADHD ni wọ́n kọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8, ìṣẹ́jú 5 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá ń fi kún un títí ó fi dé 15, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè ṣe é lórí ìrìn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ó ran àwọn lọ́wọ́, àmọ́ èrò ò pọ̀, kò sì sí ẹlòmíì tí wọ́n fi wọ́n wé. Lọ́dún 2019, àwọn ará Netherlands lo àgbàlagbà 120, wọ́n pín wọn sí méjì, apá kan ń gba ìtọ́jú tó ti ń gbà bọ̀, apá kejì ń gba ìtọ́jú náà, ó tún ń kọ́ mẹditéṣọ̀n, àmì ADHD ti apá kejì yìí ló rọlẹ̀ jù. Wọ́n fi kún ìtọ́jú ni o, wọn ò fi rọ́pò ẹ̀. Nítorí náà mo bẹ̀ ẹ́, má dá oògùn ẹ dúró fúnra ẹ. Tí kì í bá jẹ́ kó o jẹun, tí kì í jẹ́ kó o sùn, tàbí tí àyà ẹ ń lù kìkì, sọ fún dókítà, wọ́n lè dín in kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀.

Ti áfà, mi ò ní parọ́ fún ẹ, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni gbòǹgbò ẹ̀ ti wá. Àmọ́ ní 1979 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Jon Kabat-Zinn ti gbé e wọ ilé ìwòsàn ní yunifásítì Massachusetts, fún àwọn tí ìrora ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn, èyí tí dókítà ẹ sọ, kò sí pípe òrìṣà níbẹ̀, kò sí ọfọ̀, èémí lásán ni. Ṣàlàyé ẹ̀ báyìí fún áfà, kó o gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Ti ráká tó o ń gbàgbé yẹn sì rèé, ìwọ gan-an mọ̀ pé ẹ̀sìn ti ní ìforíkanlẹ̀ ìgbàgbé fún un, wọn ò ní kẹ́ni tó gbàgbé kúrò lórí ìrun kó má padà wá mọ́.

Bẹ̀rẹ̀ kékeré. Lẹ́yìn àsùbáà, kí àwọn ọmọ tó jí, ìṣẹ́jú mẹ́ta tó, fi álààmù sí i. Tí jíjókòó bá ń ni ẹ́ lára, máa rìn láàárín ilé, kó o máa gbọ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe ń kan ilẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, kó o tó tẹ máṣíìnì, gbé ẹsẹ̀ lé irin ẹ̀ ná, gbọ́ bó ṣe tutù, mí lẹ́ẹ̀mẹta, kó o wá sọ ọ́ síta pé "apá bùbá yìí ni mo fẹ́ rán", kó o tó tẹ̀ ẹ́. Fóònù, ọwọ́ ọmọṣẹ́ ni kó wà. Gbogbo aṣọ, kọ orúkọ àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ sórí bébà, fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ ọn, mẹditéṣọ̀n ò ní bá ẹ rántí ìyẹn. Tí ìbànújẹ́ tó ti pẹ́ bá wá ń rú sókè nígbà tó o bá jókòó, tí ẹ̀rù ń bà ẹ́, dá a dúró, kó o sọ fún dókítà.

ÌBÉÈRÈ: Láti Ọ̀fà ni mo ti ń kọ̀wé, ọmọ ọdún 41 ni mí. Ṣé kì í ṣe àwọn ọmọdé ló ń ní ADHD? Mo wo fídíò kan, gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló bá mi mu.

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá, àgbàlagbà ń ní in, àmọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ lágbà. Nínú ìwé DSM-5 tí àwọn dókítà ọpọlọ ń lò láti 2013, àmì ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti hàn kéèyàn tó pé ọdún 12, kó sì máa hàn ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ, bíi ilé àti ibi iṣẹ́. Àìsùn dáadáa, ìrònú tó ń kó ìrẹ̀wẹ̀sì báni, àníyàn, àti ẹṣẹ́ inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid tí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, gbogbo wọn lè fara jọ ọ́, fídíò ò lè yà á sọ́tọ̀ fún yín. Ẹ lọ sí UITH, ilé ìwòsàn yunifásítì Ìlọrin, ẹ béèrè Behavioural Sciences, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ẹ mú ẹnì kan tó mọ̀ yín ní kékeré dání, tí ríkáàdì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yín bá sì wà níbì kan, ẹ gbé e lọ, torí wọ́n máa fẹ́ rí ohun tí tíṣà kọ síbẹ̀.